Àga Kì í Ṣe Igi Lásán

"Ìyá Joel, wá wo nǹkan ayọ̀ o!"

Akíndélé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní àdúgbò Steilshoop, lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 2004. Òun ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Ìdí-Ahùn ní Jámánì. Àga onítìmùtìmù méjì ló gbé dání.

Ayọ̀níkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń din dòdò lọ́wọ́. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Joel. Ibo la fẹ́ gbé ìwọ̀nyí sí?"

"Tiyín ni! Ìgbìmọ̀ ìlú wa nílé tẹ̀ wá láago pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ya àga méjì sọ́tọ̀ fún obìnrin. Ìwọ àti Làtífátù ará Berlin la yàn. Ẹ ò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́."

Ayọ̀níkẹ́ rẹ́rìn-ín títí dòdò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ pàdé ní àdúgbò St. Georg. Wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ àga méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni kànga ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ fẹ́ gbẹ́ fún Ìdí-Ahùn: ṣé ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìlú ni, àbí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ̀bí?

Ọkùnrin mẹ́ta nawọ́ fún gbọ̀ngàn. Mẹ́ta nawọ́ fún ilé ìgbẹ̀bí. Ayọ̀níkẹ́ àti Làtífátù náà nawọ́ fún ilé ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n Ògúnjìmí akọ̀wé fo tiwọn dá.

"Akọ̀wé, ọwọ́ tiwa ńkọ́?" Ayọ̀níkẹ́ bi í.

"Ẹ̀yin màmá, ẹ ti gba àga. Kí lẹ tún ń wá?"

Làtífátù dìde. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n ń pè yín ní alága? Ṣé nítorí igi tí ẹ jókòó lé ni?"

"Rárá o! Nítorí àṣẹ tí mo ní ni," Akíndélé dáhùn.

"Ẹ ṣeun. Irú àga tí ìlú ní kí ẹ fún wa nìyẹn. Kí a lè sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ka ọwọ́ wa mọ́ ìbò."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," Akíndélé wí, "màá nawọ́ lórúkọ ìyàwó mi. Gbọ̀ngàn ìlú la fẹ́."

"Bàbá Joel, ẹnu yín kọ́ ni mo fi ń jẹun!" Ayọ̀níkẹ́ kọjú sí àwọn yòókù. "Nígbà tí àbúrò mi bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí náà lọ́dún tó kọjá, odò ni ìyá wa sáré lọ kí wọ́n tó rí omi wẹ ọmọ tuntun. Ta ló ń bímọ ní gbọ̀ngàn?"

Ògúnjìmí tún ọwọ́ kà. Márùn-ún sí mẹ́ta. Ilé ìgbẹ̀bí ló borí.

"Àwọn àga tí mo rà wá ńkọ́?" Akíndélé béèrè, ó ń fọwọ́ họrí.

"Ẹ bá wa dì wọ́n mọ́ ẹrù inú kọ̀ǹténà tó ń lọ sílé," Làtífátù dáhùn. "Aláboyún yóò rí ibi jókòó de omi."

Ẹ̀yin obìnrin, bí wọ́n bá ya àga sọ́tọ̀ fún yín nínú ìgbìmọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọwọ́ yín wọ ìbò. Ẹ má sì ṣe rán ọkọ yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fẹnu ara yín sọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ yé náwó sórí tìmùtìmù. Ọwọ́ obìnrin ni kí ẹ kà.