Ta Ló Máa Jẹ́ Arákùnrin Obren?

Àbẹ́là tí wọ́n tàn sí ẹ̀gbẹ́ orí òkú Radisav ń kú ṣáá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fèrèsé, kò sí afẹ́fẹ́. Màmá Kosana, ìyàwó àbúrò bàbá olóògbé, ní àbẹ́là ayédèrú ni. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará Drenovik tètè máa ń gba irọ́ gbọ́ bí òótọ́ bá ń dẹ́rù bà wọ́n.

Obren, àbúrò òkú, nìkan ló tẹjú mọ́ àbẹ́là náà. Oṣù kẹta ni wọ́n bí i, oṣù kẹta náà ni wọ́n bí Radisav, ọdún ló yàtọ̀. Lórí òkè yìí, ọmọ ìyá méjì tó bá pín oṣù kan, ẹ̀mí wọn so pọ̀ ni. Bí ọ̀kan bá lọ, àfi kí wọ́n tú èkejì sílẹ̀ kí erùpẹ̀ tó bo òkú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á tẹ̀ lé e. Wọ́n á fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ẹṣin de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti òkú. Á ké lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ló máa jẹ́ arákùnrin òun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló máa tú u, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn ọmọ Drenovik ti kó lọ sí Vienna, wọ́n ń kọ́ ilé alájà sílé fún eku gbé. Àwọn arúgbó tó kù, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ó wá ku Milutin àtàwọn ará òdìkejì odò yòókù, bẹ́ẹ̀ Obren ti dí omi mọ́ wọn nígbà ọ̀dá, kí ọgbà èso púlọ́ọ̀mù rẹ̀ lè mu àmutẹ́rùn.

"Bẹ Milutin," Màmá Kosana sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí màlúù ṣe ń fa pósí gun òkè lọ sí itẹ́ òkú.

"Kí n bẹ ta? Ẹni tí imú rẹ̀ máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé?"

"Imú yẹn náà ló máa gbà ọ́ lónìí, olóríkunkun."

Itẹ́ òkú náà dà gẹ̀rẹ́ débi pé ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ká orúnkún kan kò. Àlùfáà ń gé àdúrà kúrú, nítorí òórùn ẹran sísun ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Milutin àtàwọn èèyàn rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọgbà itẹ́ òkú. Ọtí rakija òkú ni wọ́n wá mu, wọn ò wá sunkún.

Wọ́n ṣí pósí. Màmá Kosana fi òrùka irin kan sí ẹsẹ̀ Radisav, ó fi èkejì sí ti Obren, ó ti àgádágodo méjèèjì.

"Ta ló máa jẹ́ arákùnrin mi?"

Àwọn ará òdìkejì odò ń wo ara wọn lójú.

"Ṣebí ìwọ lo ni odò," Milutin sọ. "Kí odò jẹ́ ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú fìlà wọn. Obren ké lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú pósí, ó wá kọjú sí Milutin.

"Milutin, jọ̀ọ́. Mo hùwà ìkà sí yín. Dárí jì mí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Milutin sọ sìgá nù, ó sún mọ́ ọn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni.

"Ké ìkẹta, òmùgọ̀. Màá jẹ́."

"Ta ló máa jẹ́ arákùnrin mi?"

Milutin la ẹnu.

"Èmi ni."

Ohùn náà rọra jáde bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ẹnu Milutin ṣì là sílẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan. Inú pósí ni ohùn náà ti wá.

Àgádágodo dún kẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Màmá Kosana. Òrùka irin bọ́ lẹ́sẹ̀ Radisav, ó já bọ́ sórí pákó. Ti Obren kò mira. Ìyá náà ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó ń yí i, ó ń yí i, kò mú nǹkan kan.

"Màmá, ẹ ṣe kíá," Obren sọ, ó jókòó pẹ̀lẹ́ sétí pósí. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Radisav sì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Agbẹ́lẹ̀ sàréè ṣí fìlà. Ó wo pósí, ó wo Obren, ó tún wo pósí.

"Màmá, ẹ má bínú o," ó sọ jẹ́jẹ́. "Nínú àwọn méjèèjì, èwo la fẹ́ sin?"