Ẹ̀rù Kì í Ṣe Ẹrù

Ohun tí Kúbúrá kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ ọkùnrin kan. Ọwọ́ ọ̀tún di máìkì mú, ọwọ́ òsì ń nu yìnyín kúrò ní irùngbọ̀n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìta ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń bi gbogbo ilé ọtí náà léèrè olú-ìlú Ọsirélíà.

Ó ga, ó dúdú, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé. Ojú rẹ̀ ò jọ òṣùpá. Ojú ènìyàn ni, ojú ẹni tó jẹun tó sì sùn dáadáa. Síbẹ̀ Kúbúrá ò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, yìnyín lórí híjáàbù rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Òtútù kọ́. Kò wọ ilé ọtí rí láyé rẹ̀.

"Wọlé, jọ̀ọ́," Rosaline ń fà á lọ́wọ́. Òun àti Rosaline ni wọ́n jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní Lordship Lane. Ọjọ́ ìbí Rosaline ni, ó sì ti bẹ Kúbúrá títí. "Ìbéèrè lásán ni a fẹ́ dáhùn. Omi ọsàn wà. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́."

Ọtí kọ́ ló ń ba Kúbúrá lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ ni.

Alhaji Àjíṣafẹ́ ti wa bọ́ọ̀sì ní Peckham nílùú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó dá a dúró. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin méjì ló bí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Àsúmáù, èyí àgbà, ti fi irọ́ bo ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan mọ́lẹ̀ títí tó fi lọ fẹ́ ẹ. Ẹnu aráàta ni Alhaji ti gbọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Àsúmáù nínú ilé, Alhaji á dìde lọ ṣe àlùwàlá. Kò ní bú u. Á kàn dìde.

Kúbúrá ti gbọ́ ìró omi yẹn tó. Òun ló gbọ́ létí bó ṣe jókòó sórí àga nílé ọtí.

Nígbà tí wọ́n dá ìbéèrè dúró díẹ̀, oníbéèrè náà gbé ife kan wá síwájú rẹ̀.

"Ẹ káalẹ́ o, Sister. Hot chocolate ni. Kò sí nothing nínú ẹ̀."

"Ẹ ṣé. Yorùbá ni yín?"

"Bermondsey ni wọ́n ti bí mi, but Yorùbá ni. Abdulqoyyum."

Kúbúrá wò ó. "Abdulqoyyum? Nínú ilé ọtí?"

"Ginger beer ni mò ń mu. Ọ̀rẹ́ mi Vincent ló ni ibí, mo kàn ń bá a ṣe quiz. Ṣé ẹ máa report mi?"

"Èmi tí mo jókòó síbí náà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo rí i bí ẹ ṣe ń wo door. Ẹ má worry. Ẹrù ń bà mí náà."

Kúbúrá wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹrù wo? Níbo lẹ gbé e sí?"

"Ẹrù. Like, fear."

"Ẹ̀rù nìyẹn. Èyí tí ẹ pè, àpótí ni, báàgì ni."

"Ṣé ẹ rí i? Àwọn aunty mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mi ò kì í sọ Yorùbá níta mọ́."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín títí ṣokoléètì fi dà sí i lọ́wọ́. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù máìkì, èdè bàbá rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Ìyẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju súwẹ́tà lọ.

Nígbà náà ni fóònù rẹ̀ dún. Dádì.

Ó sáré bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kúbúrá, níbo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́, Dádì."

"Wọ́n ti ń kó bọ́ọ̀sì wọlé nítorí snow yìí. Dúró síbẹ̀. Mò ń bọ̀ wá mú ẹ."

"Dádì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú—"

Ó ti pa fóònù. Kúbúrá pè é padà. Ó ń dún lásán. Ó tún pè é. Ó ń dún lásán.

Bàbá tí kì í lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi, ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi rìn dé Lordship Lane nínú yìnyín, nítorí ọmọ tí kò sí níbẹ̀.

Abdulqoyyum ti rí ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì, ó gbé máìkì fún Vincent, ó wọ kóòtù. "Ọ̀nà wo ni wọ́n máa ń gbà?"

Wọ́n jáde sí Rye Lane, ó dá páropáro. Ilé ìtajà gbogbo ti ti ilẹ̀kùn, yìnyín sì ti gbé gbogbo ariwo mì. Kúbúrá ń wo ilẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí àpá ẹsẹ̀ kan: ọ̀kan jinlẹ̀, èkejì wọ́ ilẹ̀ bí ẹni ń fa ìgbálẹ̀.

"Bàbá mi nìyẹn," ó ní.

Wọ́n tẹ̀ lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Peckham Rye, àpá ẹsẹ̀ náà tán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ojú ibi tí odindi ènìyàn ṣubú sí.

Kúbúrá kígbe. Kò mọ ohun tó kígbe.

"Kí ló dé tí o ń pariwo?"

Alhaji jókòó sí ibùdókọ̀, yìnyín lórí fìlà rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá wo títì.

"Ibi iṣẹ́ ẹ wà níwájú mi," ó ní. "Ẹ̀yìn mi lo ti yọ."

Kí Kúbúrá tó dáhùn, Abdulqoyyum ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yìnyín.

"Pub la ti ń bọ̀, sà. Èmi ni mò ń ṣe quiz níbẹ̀. Wọn ò mu nothing, sà."

Alhaji na ọwọ́ sí i. "Gbé mi dìde," ó ní.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà. Abdulqoyyum bá yí ẹ̀yìn sí i, ó pọ̀n ọ́n. Alhaji kì í ṣe ènìyàn kékeré. Wọ́n rìn díẹ̀, Abdulqoyyum ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé mo wúwo ni?" Alhaji béèrè.

"Rárá, sà. Ẹrù kàn ń bà mí ni."

"Ta lò ń pè ní ẹrù?"

"Ẹ̀rù ló fẹ́ pè, Dádì," Kúbúrá sọ.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀."

Wọ́n délé. Lífìtì tó ń gbé èèyàn lọ sókè ti bàjẹ́ tipẹ́. Alhaji wò ó láti ẹ̀yìn Abdulqoyyum. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe bí o ò bá sí nílé ọtí?"

"Mò ń tún lífìtì ṣe, sà."

"Tún èyí ṣe."

"Àwa kọ́ la ni contract ẹ̀, sà."

Ó bá gbé e gun àtẹ̀gùn dókè pátápátá. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, Alhaji ní, "O ṣé. Má padà wá síbí mọ́."

Láti ọjọ́ náà, Alhaji ń dáhùn sálámà Kúbúrá, kì í sì sọ ohun mìíràn lé e. Kúbúrá a máa jí lóru, á máa tẹ́tí bóyá omi ń dún.

Abdulqoyyum ò padà wá sílé. Ibùdókọ̀ ní Lordship Lane ló ń wá, bí Kúbúrá bá ti parí shift. Òtútù á máa mú wọn, Kúbúrá á máa kọ́ ọ lédè.

"Ẹ̀rù: dò dò. Ẹrù: re dò. Sọ ọ́."

"Dò dò ni fear. Re dò ni load. Tíṣà mi, ó yá, ó kàn mí. Question one: ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Question two: ṣé o miss mi?"

"Pass."

"Kò sí pass nínú quiz mi, olówó orí mi."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn? O ò tíì san nǹkan kan lórí mi."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ àpò. Kò sọ̀rọ̀ dídùn kankan sí i. Kúbúrá fẹ́ràn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n bó bá délé, á ní, "Traffic ni, Dádì." Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́, ó ń gbọ́ ohùn Àsúmáù lẹ́nu ara rẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, kò lè fara dà á mọ́.

"Má dúró dè mí mọ́," ó sọ fún Abdulqoyyum.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Dádì nìkan ló kù fún mi. Bí wọ́n bá dákẹ́ mọ́ mi bí wọ́n ṣe dákẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa yè é."

Abdulqoyyum ò bẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé mo lè máa kí wọn ní mọ́ṣáláṣí?"

"Wọn ò ní dá ẹ lóhùn ju sálámà lọ."

"Ó tó mi."

Gbogbo Jímọ̀, ó ń bá Alhaji gbé àga síbi tó máa ń jókòó kírun. Á kí i, Alhaji á dáhùn, ó parí.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alhaji wọ kíṣìnì bá Kúbúrá níbi tó ti ń gé tòmátò. Ó fi ọwọ́ ti tábìlì.

"Ọmọkùnrin ilé ọtí yẹn, ó ti rù. Kí lo fi ṣe é?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Kúbúrá.

"Mò ń bi ẹ́. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Rárá ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bó bá sọ ọ́, ilé á tòrò, kò sì sẹ́ni tó máa dìde. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Mo fẹ́ ẹ, Dádì. Kì í ṣe traffic. Òun ni mò ń rí. Mo ti ní kó má wá mọ́. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alhaji fa àga, ó jókòó. Ó wo tòmátò títí.

"Ṣé ó ba Àsúmáù náà?"

Orúkọ yẹn ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kúbúrá ń retí pé á dìde. Kò dìde.

"Ó bà á, Dádì. Ó bà á gan-an."

Alhaji nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Kó mú àwọn òbí ẹ̀ wá," ó ní. Lẹ́yìn èyí, "Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ẹrù ìyàwó wá, lífìtì ò tíì ṣiṣẹ́. Abdulqoyyum fúnra rẹ̀ ló ru gbogbo rẹ̀ gun òkè: àpótí, iṣu, àpò iyọ̀, Kùránì tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Àsúmáù ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọ ilé náà ni, ó jókòó sétí ilẹ̀kùn bí àlejò tó lè dìde nígbàkigbà.

Kúbúrá wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó ti kọ́ Abdulqoyyum lórí fóònù láti àárọ̀: re dò, re dò.

Abdulqoyyum dúró níwájú Alhaji, òógùn ń kán lójú rẹ̀, àpótí tó kẹ́yìn ṣì wà lórí èjìká rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ń wò ó.

"Kí lo gbé wá fún wa?" Alhaji béèrè.

Abdulqoyyum tún àpótí náà dì mú.

"Ẹ̀rù, sà."

Ìyá Abdulqoyyum fọwọ́ bojú. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Kúbúrá di ojú.

"Sorry, sà. Re dò. Ẹrù ni mo—"

"Mo gbọ́ ẹ," Alhaji ní. Ó wo Àsúmáù létí ilẹ̀kùn. Ó wo ẹsẹ̀ Kúbúrá lábẹ́ aṣọ ìkélé. "Ẹ̀rù ti pọ̀ nílé yìí kí o tó dé."

Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Gbé e kalẹ̀, ọmọ mi."

Abdulqoyyum gbé e kalẹ̀.