Ọkùnrin Tó Ń Dáná Sun Wáyà

Ọkùnrin náà ra wáyà díẹ̀ lọ́wọ́ Sàídátù, ó dúpẹ́, ó sì tọrọ ìṣáná. Ó lóṣòó sẹ́bàá gọ́tà, níwájú ṣọ́ọ̀bù gan-an, ó ṣáná sí wáyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Rọ́bà ara rẹ̀ gbiná, ó ń kán sílẹ̀ tó-tó-tó, èéfín dúdú sì ń rú jáde. Ọkùnrin náà tẹ orí sí i, ó ń gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ga, ó dúdú, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi ìyẹ̀fun funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Àyà Sàídátù já. Ta ni tirẹ̀ kò ní já? Ọdún tó ṣáájú, ìyẹn 1991, wáyà gbiná nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ ń lò lọ́jà Èjìgbò. Iná kò kan ìyá náà lára rárá, èéfín ló fà símú. Látìgbà náà, kò lè rìn láti yàrá dé ọ̀ọ̀dẹ̀ kó má húkọ́. Sàídátù ló wá ń tajà nípò rẹ̀.

"Ẹ dákun, ṣé ọjà lẹ fẹ́ sun ni?" Sàídátù bi í.

"Rárá o. Mo fẹ́ mọ irú èéfín tó ń ṣe ni."

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ èéfín, ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló yẹ kó lọ."

"Igi ni ìyá mi fi ń dáná, ma ṣẹ̀rí. Èéfín igi ti yé mi."

Sàídátù mọ̀ pé olólùfẹ́ mi ni ma ṣẹ̀rí lédè Faransé. Agbolé wo ló wà ní Èjìgbò tí kò lẹ́nìkan ní Abíjàn? Ó ní, "Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbá eérú yín kúrò níwájú ọjà mi."

Ó gbá a. Mọ́rúfù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsúndunrín ni. Ó ti Abíjàn dé, ó gba ilé kan lọ́nà Másífà, ó gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó ń yọ́ rọ́bà bo wáyà. Ohun tí aráyé mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí náà kì í tètè gba ẹni tó bá tòkè òkun dé gbọ́, nítorí náà n kò bá Sàídátù wí.

Àmọ́ ọkùnrin náà ń padà wá. Lọ́jọọjọ́ ọjà ni yóò ra wáyà, tí yóò sun ún, tí yóò gbá eérú rẹ̀. Nígbà tó yá, Sàídátù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣáná pamọ́ dè é.

"Ṣé èmi lẹ wá wò ni àbí wáyà?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Wáyà ni mo kọ́kọ́ wá wò," Mọ́rúfù dáhùn. "Tòní, mi ò mọ̀ mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ kò bá tíì rí i lọ́jọ́ ọjà, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ Mọ́rúfù tó máa ń tì pa tó bá ti gbúròó ẹsẹ̀. Bí Sàídátù bá bi í pé kí ló wà níbẹ̀, á ní, "Oògùn iná ni. Kò tíì tó fi han èèyàn." Oògùn iná wo? Irú èsì wo nìyẹn?

Nígbà tí Mọ́rúfù wá sọ pé òun fẹ́ ẹ, Alhaji Ádámù, bàbá Sàídátù, ní kò burú, àwọn á ṣèwádìí. Àmínátù, àbúrò Alhaji lóbìnrin, ló rán. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá rán lọ ṣèwádìí, tó bá jẹ́ ire nìkan ló gbọ́ bọ̀, wọ́n á ní kò débẹ̀ ni. Ire ni Àmínátù gbọ́ ní Ìsúndunrín. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yà síbi iṣẹ́ Mọ́rúfù lọ́sàn-án ọjọ́ tí onítọ̀hún kò sí nílé, ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tí Mọ́rúfù gbàgbé láti tì pa, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyẹ̀fun funfun ló bá níbẹ̀, àpò lórí àpò. Ó bù díẹ̀ sí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó dì í ní kókó.

Ó tú u sílẹ̀ níwájú Alhaji. "Ẹ wò ó, bọ̀dá mi. Kokéènì ni ọkọ ọmọ yín ń tà."

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán nílẹ̀ tí ẹbí wọn kan fi ti Abíjàn dé. Ó ní òun mọ Mọ́rúfù: èèyàn kan kú sínú iná nídìí ẹ̀rọ tó ń lò, ìyẹn ni wọ́n fi lé e níbi iṣẹ́.

"Ó tán," Alhaji wí. "Mi ò bímọ fún apààyàn."

Sàídátù kò sunkún. Ó kó ìyẹ̀fun náà, ó gba ọ̀nà Másífà lọ, ó sì gbé e síwájú Mọ́rúfù. "Kí nìyí? Ta ló sì kú?"

Mọ́rúfù kó o nílẹ̀. Ó da ìyẹ̀fun náà sínú páànù lórí ẹyin iná, ó na abọ́ tútù kan sókè rẹ̀. Nígbà tó yí abọ́ náà padà, omi ló sẹ̀ sínú rẹ̀.

"Omi ló fi pamọ́ sínú," ó ní. "Tí a bá pò ó mọ́ rọ́bà, tí iná dé bá a, omi yẹn lá jáde, á máa pa iná. Sàká ló kú. Ọ̀rẹ́ mi ni, yàrá kan náà là ń sùn. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà lọ́hùn-ún kì í jẹ́ kó tètè gbiná lóòótọ́, àmọ́ tí iná bá fi lè borí rẹ̀, májèlé ni èéfín rẹ̀. Sàká kò jóná, Sàídátù. Èéfín ló pa á. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ oògùn yẹn, wọ́n ní kí n máa lọ sílé."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìyá rẹ ń húkọ́. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ikọ́ wọn ni mo fi ń wá ìyàwó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àmọ́ nígbà tó délé, ìfura tún dé. Èèyàn lè fi abọ́ pidán. Ó pinnu láti dán an wò, ó bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà kí àwọn ará Ìsúndunrín wá tọrọ rẹ̀. Alhaji gbà, àmọ́ kó lè lé wọn lójú ayé ló ṣe gbà.

Ọjọ́ pé. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń dárúkọ sàdáàkì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀bùn tí ọkọ gbọ́dọ̀ fún un. Òrùka wúrà tàbí Kùránì làwọn èèyàn ń retí nígbà tí Ààfáà bi Sàídátù léèrè.

"Kó fi wáyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fa iná sí yàrá ìyá mi," ó wí. "Kó tó di ọ̀la."

Ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ilé. Tó bá jẹ́ oníjìbìtì ni, yàrá ìyá ìyàwó kọ́ ni yóò gbé e wọ̀. Mọ́rúfù dorí kodò.

"Mi ò lè ṣe é," ó ní.

Àmínátù pàtẹ́wọ́. "Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò tíì dáa, bàbá," Mọ́rúfù ń bá Alhaji sọ̀rọ̀. "Iná kì í jó o, àmọ́ ìyẹ̀fun ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní igun ògiri, ara rẹ̀ á sán, mànàmáná á sì gbé ẹni tó bá fọwọ́ bà á. Yàrá ìyá ni. Ẹ jẹ́ kí ìgbéyàwó dúró ná."

Bàbá kékeré Mọ́rúfù tó bá a wá ń fà á láṣọ pé kó panu mọ́.

"O ò bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni," Alhaji sọ fún un. "Ìyàwó ì bá ti dọ́wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀, bàbá."

Alhaji wò ó. Òun náà ti tajà ní Abíjàn nígbà èwe, ó mọ ojú òpùrọ́. Ó ní, "Ẹ padà sílé. Ẹ wá nígbà tó bá dáa. A ò ní fi í fún ẹlòmíì." Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni Sàídátù ti ń nu ojú, nítorí ìgbà yẹn gan-an ló tó gba ọkùnrin náà gbọ́.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Mọ́rúfù dé, wáyà lọ́rùn. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò sán. Ó ń wá ìṣáná nígbà tí ìyá Sàídátù fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde.

"Ẹ gbé e wá fún mi," ìyá náà wí. "Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

Láti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ti jó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná lójú òun. Ó ṣáná fúnra rẹ̀. Iná mú wáyà, ó jà díẹ̀, ó kú. Ìwọ̀nba èéfín funfun kan rú jáde. Ìyá náà tẹ orí sí i, ó fà á símú. Gbogbo wọn ń retí ikọ́.

Ikọ́ kò wá.

"Ẹ pe Ààfáà," ìyá rẹ̀ ní.

Mọ́rúfù fi ọjọ́ yẹn fa iná sí yàrá náà, wọ́n sì so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí èrò ṣe ń túká, ó sún mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ma ṣẹ̀rí, ìṣáná mi ńkọ́?"

"Ó wà ní ìṣẹ́tí aṣọ mi," Sàídátù fèsì. "Ilé wa ni mò ń gbé e lọ."