Pátákó Tí Í Mú Irin Tutù

"Olúdọ̀tun, mo tún ń sọ ọ́ o. Má fọwọ́ kan nǹkan yẹn títí n ó fi dé!"

Ìta ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, tó ń fi àgádágodo ti géètì onírin ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní àdúgbò wọn ní Bódìjà nìyẹn láti ìgbà tí olè ti ń dà wọ́n láàmú: ẹni tó bá ń jáde á ti ẹni tó kù mọ́lé, á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Irin wà lójú fèrèsé pẹ̀lú. Olúdọ̀tun, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, a máa sọ pé olè ń rìn fanda nígboro, òun tí kò jí abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́wọ̀n.

Nǹkan tí ìyá rẹ̀, Dókítà Olúbùsọ́lá Ayẹni, ń tọ́ka sí wà lórí tábìlì nínú yàrá ìkàwé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun. Pátákó kékeré kan ni, tí wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Wáyà mìíràn ti ara rẹ̀ lọ sínú àwo funfun pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju bisikíìtì lọ, tí a tẹ́ irin lé lórí. Bí iná bá gba inú àwo yìí kọjá, ojú rẹ̀ á tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì gbóná. Kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ bí yóò ṣe tutù tó. Ìyá rẹ̀ fẹ́ máa fi tọ́jú oògùn tó ń ṣèwádìí lé lórí. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ń bọ̀ wá wò ó. Bó bá ṣiṣẹ́, wọn yóò fún un ní yàrá ìwádìí tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Fáànù tí yóò máa fẹ́ ooru ẹ̀yìn àwo náà dànù nìkan ni kò sí nínú páálí. Fáànù yìí ni ìyá rẹ̀ sáré wá lọ sí ọjà Dùgbẹ̀.

Kò pẹ́ ni Luke, ọmọ kíláàsì Olúdọ̀tun, yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹlẹ́wọ̀n, báwo ni? Fíríìjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì tí o fi ń yangàn sí wa dà?"

"Òun nìyẹn. Màmi ní kí n má tàn án."

"O ò mọ̀ ọ́n tàn ni, jàre. Irọ́ lo wá pa fún wa ní kíláàsì."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Olúdọ̀tun wọra. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó tan pátákó, ó tẹ nọ́ńbà òtútù tó ju ti yìnyín lọ, ó sì kán omi díẹ̀ sórí irin náà. Ojú wọn báyìí ni omi ṣe funfun, tó dì gbagidi. Luke hó yèè! Inú Olúdọ̀tun dùn ṣìnkìn.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà tó ń fi ìwọ̀n ooru àwo hàn lójú kọ̀ǹpútà yí padà, ó ń gòkè. Yìnyín yọ́. Olúdọ̀tun rò pé kò tutù tó ni, ló bá tún pàṣẹ òtútù tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà gbọ́ràn, ó ti iná púpọ̀ sí i wọnú àwo. Ṣùgbọ́n láìsí fáànù, ooru ẹ̀yìn kò ríbi gbà, ló bá ń padà sí iwájú. Bó ṣe ń gbóná ni kọ̀ǹpútà ń fi iná kún un. Bó ṣe ń fi iná kún un náà ló ń gbóná sí i. Èéfín rú.

"Sá jáde!" Luke kígbe.

"Ibo ni kí n gbà?"

Ó fa géètì, géètì kò mì. Èéfín ti dé pálọ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó sáré padà, ó sì fa wáyà yọ lára ògiri. Àwo ti là sí méjì, pátákó ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Sọ pé àwọn oníná ló bà á jẹ́," Luke gbà á nímọ̀ràn. "Ṣé wọ́n á wá sọ pé àwọn kọ́ ni?" Bó ṣe sá lọ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ dé tòun ti fáànù lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lẹ́nu. Ẹ̀rín náà kò dé yàrá ìkàwé.

"Iná ló lọ, mà," Olúdọ̀tun kólòlò. "Nígbà tó máa padà dé, ó le jù."

"Sitẹbiláísà ńkọ́? Ṣebí kí iná líle má bàa wọlé ni mo ṣe gbé e fún Àjàgbé kó tún un ṣe!"

Ó jáde lọ, ó sì mú Àjàgbé, tó ń tún rédíò àti sitẹbiláísà ṣe lópòópónà wọn, wọlé wá.

"Mà, mo tún un ṣe dáadáa. Kì í ṣe èmi," Àjàgbé ń bẹ̀bẹ̀.

"Olúdọ̀tun, ṣé o gbọ́ kó dún?"

Irọ́ kan ti wà nílẹ̀. Ó nílò èkejì. "Ó dún gbàù, mà."

"Àjàgbé, o ti gbọ́! Iṣẹ́ tí mo bá ọ wá ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì, gbàgbé ẹ̀. N ó sọ fún wọn pé n kò lè dúró fún ọ mọ́."

Àjàgbé ṣí fìlà rẹ̀. "Mà, mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé." Ó dé fìlà náà padà, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ ńṣe ni Olúdọ̀tun dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ó ń wo àwo tó là. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi iná kún un, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń fi irọ́ kún irọ́ báyìí.

"Bọ̀ọ̀dá Àjàgbé, ẹ dúró! Màmi, èmi ni mo tàn án. Iná ò lọ rárá. Kò sóhun tó dún." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Ìyá rẹ̀ kò lù ú. Àjàgbé ló kọ́kọ́ kọjú sí. "Àjàgbé, jọ̀wọ́, má bínú. Mo ṣì ọ́ dá lẹ́jọ́." Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó gbé fáànù tuntun náà lé itan, tó ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọ̀gá dé, wọn kò rí nǹkan kan wò, wọ́n sì fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Àjàgbé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

"Òtítọ́ rẹ kò jí pátákó dìde," ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Ká sọ pé o gbọ́ràn ni, à bá ti ní òtítọ́ àti pátákó. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í pa àṣìṣe, ó máa ń sọ ọ́ di ńlá ni. Ẹlòmíràn ni ì bá sì jó nínú irọ́ tìrẹ."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ tún ti géètì, ó sì ti yàrá ìkàwé pẹ̀lú. Luke tún yọjú.

"Wọ́n ní o jẹ́wọ́! Kí ló ṣe ọ́? Ta ni ì bá mọ̀? Ṣebí àwọn oníná ò lè wá sọ pé àwọn kọ́ ni."

"Bọ̀ọ̀dá Àjàgbé sọ pé òun kọ́," Olúdọ̀tun dá a lóhùn láàárín irin fèrèsé. "Nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ."