Nígbà Tí Aago Yàrá Òtútù Dákẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gégùn-ún fún yín?"

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọkùnrin kan bá ọmọbìnrin náà sọ nìyẹn. Ó dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó bá ènìyàn níbi tó ti ń fi ṣíbí gbẹ́ kànga.

Ọmọbìnrin náà yíjú padà. Fẹ̀sọ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, torí pé kì í kánjú ṣe ohunkóhun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ àwọn oníbàárà: ti ilé ìwé, ti báńkì, ti ilé ìwòsàn. Sọ́fítíwíà kan ló ń bá a bẹ gbogbo wọn wò lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ bá le á tan iná àwọ̀ ewé. Èyí tó bá ń ṣàìsàn á tan pupa, aago ìkìlọ̀ á sì pe fóònù ẹni tó ń bójú tó o. Ọ̀gá ti ní kí ó pààrọ̀ nọ́ńbà ọ́fíìsì lára gbogbo ẹ̀rọ náà. Ó wá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ó ṣí i, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fi í pamọ́, ó pa á dé. Láti ọjọ́ Ajé ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, Ọjọ́rú sì ti dé.

"Kò sẹ́ni tó gégùn-ún fún mi," ó dáhùn. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ta lẹ̀yin?"

"Èmi ni wọ́n gbé wá láti ẹ̀ka oníwáyà. Ẹ sún díẹ̀."

Ó sún. Ọkùnrin náà sàmì sí gbogbo ẹ̀rọ náà pọ̀ bí ẹni ń da àwọ̀n bo ẹja, ó kọ nọ́ńbà tuntun lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ bọ́tìnì kan. Gbogbo wọn yí padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹnu Fẹ̀sọ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé.

"Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ Ajé nìyẹn?"

Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ tún bí i. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ la nǹkan mọ́ ọn lórí. Ẹ̀rín ló borí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ ọkùnrin náà ní Wéré.

"Ẹ gbé ohùn yẹn sókè dáadáa o," ó máa ń bẹ̀ wọ́n. "Bó bá wálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti sọ mí di ẹni tó ń jó láàárín títì."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Fẹ̀sọ̀ á jẹ́ kí bọ́ọ̀sì tirẹ̀ kọjá, á ní ó ti kún, bẹ́ẹ̀ àyè wà nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ kan, lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, Wéré dúró gbagidi.

"Mo fẹ́ kí o fẹ́ mi."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Fẹ̀sọ̀. "Níbí? Lórí àtẹ̀gùn? Ṣé o ti bi ọkàn rẹ léèrè?"

"Mo bi í. Ó ní kí n yára."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Fún mi láyè díẹ̀, olówó orí mi," ó wí. Ohun tó pè é yìí fúnra rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ìdáhùn ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá yìí ni olórí ilé oògùn ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú. Bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìntì, kì í sì í tètè gba ènìyàn gbọ́.

"Wéré ni àbí wèrè?" ó bi í.

"Bàbá!"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mú un wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n fi ojú ara mi rí i."

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, àwọn oníṣẹ́ iná fẹ́ tún wáyà gbogbo ilé ìwé ṣe. Kí aago má baà máa pariwo lásán títí di ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí Wéré pa ìkìlọ̀ ibẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó sàmì sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ó ń kọrin lábẹ́ imú, Fẹ̀sọ̀ dúró tì í pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó tẹ bọ́tìnì. Wọ́n sáré lọ bá bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Àìkú, Wéré dé tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Bàbá bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, ó sì ń dáhùn dáadáa. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́ ọ títí, ó jókòó sórí apá àga.

"Yàrá òtútù tí a ń kó oògùn sí ti bàjẹ́ láti àná," ó wí. "Gbogbo oògùn inú rẹ̀ ló ti gbóná. Wọ́n ti ń gbé àwọn aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn míì. Wọ́n ní èmi ni mo pa aago náà, kí n lè sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́ títí wọ́n á fi wádìí."

"Ṣé aago ò pè yín ni?" Fẹ̀sọ̀ bi í.

"Kò pè mí! Mo fi orí mi búra, kò pè mí!"

Wéré ti fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ó ṣí sọ́fítíwíà náà, ó ń wá orúkọ ilé ìwòsàn. Fẹ̀sọ̀ rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó na ọrùn, òun náà rí i: àmì ìdákẹ́ wà lára yàrá òtútù náà. Ó ti há sáàárín àwọn ilé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì.

Wéré lè ti fóònù náà bọ àpò. Kò sí ẹlòmíràn tí ì bá mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó kúnlẹ̀. "Mà, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?" Ìyá ò tíì lóye.

"Èmi ni mo pa aago náà. Mo rò pé ilé ìwé nìkan ni mo sàmì sí."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Bàbá dìde, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. "Jáde."

Láti ibẹ̀, ilé ìwòsàn ni Wéré gbà lọ tààrà. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú àwọn aláṣẹ ibẹ̀, ó sì tún un sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n dá a padà sí ẹ̀ka oníwáyà, wọ́n sì dá Ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́run yọ wọ́n, aláìsàn kankan ò kú.

Ṣùgbọ́n Fẹ̀sọ̀ ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Gbogbo ènìyàn rò pé ìbínú ni. Ó ń rù, oorun ò kùn ún.

Bàbá ò yéé bú Wéré. "Ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, n kò kọjá iná pupa rí! Ẹni tí kò lè lajú wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, òun ni yóò wo ọmọ mi?"

"Bàbá, ẹ dákẹ́."

Kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá yọjú láti ilé ìdáná.

"Èmi náà rí i," Fẹ̀sọ̀ wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó tẹ̀ ẹ́, mo rí orúkọ ilé ìwòsàn láàárín wọn. Mo ní kí n sọ̀rọ̀. Mo tún ní bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe, bọ́ọ̀sì sì ń lọ. Mo dákẹ́. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, kò sì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ni n kò lè wò."

Bàbá yíjú sí i. Ọmọ tí í ṣí ìkòkò wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e kaná?

"O jẹ́ kí wọ́n fẹ̀sùn kàn mí," Ìyá wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi."

Ìyá wá, ó fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún. Bàbá mú fìlà rẹ̀, ó jáde láì sọ ibi tó ń lọ.

Wéré gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó ṣí i. Bàbá Fẹ̀sọ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn.

"Ẹ... ẹ káàsán, sà. Ṣé kò sí o?"

"Kí ló dé tí o ò sọ pé ọmọ mi wà níbẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, sà."

Bàbá mi orí. "Ó ti jẹ́wọ́ fún wa. Ẹkún ló ń sun nílé báyìí." Ó sún fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. "Wọ bàtà. Ìyá ìyàwó rẹ ti gbé oúnjẹ kaná, n kò sì fẹ́ kí ó tutù kí a tó dé."

Wéré ò wọ bàtà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń sunkún. Bàbá mí kanlẹ̀, ó di ògiri mú, ó rọra jókòó tì í.

"Ó dáa," ó wí. "Sun ún tán. Màá dúró."