Àpò Funfun Ọrùn Ìyá Ọlọ́runyọmí

Bàtà kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Aládé, ní ìlú Ìdànrè, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà, débi pé ẹni tó bá pẹ́ dé ní láti fo bàtà kọjá kó tó ráyè wọlé. Ìdúpẹ́ Ìyá Ọlọ́runyọmí ni gbogbo wọn wá ṣe.

Olúbísí lorúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni gbogbo Ìdànrè fi ń pè é. Opó ni, àgbẹ̀ kòkó ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ kòkó sá. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó fi yàn án pé kó lọ sí ìpàdé kan ní ilẹ̀ Gánà, kó lọ fi han àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó ní Ìdànrè, tí wọ́n sì ń sá a títí yóò fi máa dún woroworo lọ́wọ́. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí yóò ní páásípọ́ọ̀tù.

Rùkáyátù, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n òun àti ìyá ni yóò jọ rìnrìn àjò náà, kò sì lè ṣaláì bá a dúpẹ́. Láti Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ kòkó, Aládé ni wọ́n bí òun sí. Kó tó di akọ̀wé, ọdún mẹ́jọ ló fi ń ra aṣọ láti Kútọnu wá tà.

Wọ́n gbé páásípọ́ọ̀tù náà sórí àwo, wọ́n gbé e síwájú pẹpẹ. Alàgbà Akínlẹ́yẹ gbàdúrà lé e, gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá mú àpò kékeré kan jáde, aṣọ funfun tó ń dán gbinrin. Wọ́n ti fi òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run kọ "Olúwa Ń Bẹ Pẹ̀lú Mi" sí i lára, okùn gígùn sì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ki páásípọ́ọ̀tù bọ̀ ọ́, wọ́n fi kọ́ ìyá lọ́rùn.

"Má bọ́ ọ lọ́rùn o, má sì fi aṣọ bò ó," ni ìyá ẹgbẹ́ wí. "Ẹ̀rí kì í sá pamọ́. Kí gbogbo ojú rí ohun tí Olúwa ṣe."

"N kò ní bọ́ ọ," ni Ìyá Ọlọ́runyọmí dáhùn.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Olúbísí, ọmọ olókè, ọmọ àpáta lẹ́yìn ilé tí òjò ń wẹ̀ tí kì í ṣá. Ọmọ a-bo-kòkó-má-kánjú. Bí o bá dé Gánà, tí wọ́n bi ọ́ léèrè, sọ fún wọn pé Ìdànrè lo ti wá.

Omi lé ròrò sójú Rùkáyátù. Ṣùgbọ́n bó ti tún wo àpò náà, bó ṣe ń dán lórí àyà ìyá, àyà tirẹ̀ já.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yà sílé ìyá.

"Màmá, àpò yìí, ṣé ibi tó wà yẹn ló máa wà títí dé Gánà?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń pe olè ni."

"Olè wo? Ohun tí wọ́n ti gbàdúrà lé?"

"Jàgùdà kì í bi èèyàn bóyá wọ́n ti gbàdúrà lé e, Màmá. Èmi náà ṣàdúrà lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọnu. Mo gbé báàgì mi kọ́ ẹ̀yìn, mo ń nájà. Ìgbà tí mo máa wò ó, wọ́n ti fi abẹ la ìdí ẹ̀, wọ́n ti kó owó lọ. Ọlọ́run ò sùn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sùn."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìwó olódíderẹ́. Ẹnu yín kì í dákẹ́, bíi ti ẹyẹ yín."

"Odíderẹ́ kì í sọ ju ohun tó bá rí lọ, Màmá. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Bí páásípọ́ọ̀tù yìí bá sọnù lọ́la, òmíràn ò lè jáde kó tó dìgbà náà. Orúkọ yín nìkan ni wọ́n sì kọ pé yóò sọ̀rọ̀. Á jẹ́ pé Ìdànrè ò dé ibẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyá. Ó fọwọ́ pa àpò náà.

"Mo ti ṣèlérí fún àwọn ìyá pé n kò ní bọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ kí n ya ẹ̀dà rẹ̀, ó kéré tán."

Ìyá gbà. Rùkáyátù fi fóònù ya ojú ìwé tó ní àwòrán, ó fi ránṣẹ́ sí Ọlọ́runyọmí ní Ìbàdàn, ó sì ní òun á tẹ ẹ̀dà méjì sórí bébà kí àwọn tó gbéra. Ìyá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Máa lọlé, ọmọ Ìwó," ló wí. "Ilẹ̀ á mọ́."

Ilẹ̀ mọ́. Àpò funfun náà ṣì wà lọ́rùn ìyá, lórí bùbá, ó ń dán yanran. Rùkáyátù kí i, ó sì gbé ẹrù rẹ̀. Títí ọkọ̀ fi gbé wọn dé Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àpò yẹn.

Èrò pọ̀ ní gáréèjì tí wọ́n ti fẹ́ wọ ọkọ̀ Èkó. Rùkáyátù dúró síbi tí wọ́n ti ń sanwó ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ohùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Wọ́n ti da ẹ̀kọ sí yín láṣọ. Ẹ wò ó, lẹ́yìn níbẹ̀."

Ìyá yíjú wo ẹ̀yìn ìró rẹ̀. Obìnrin kan sún mọ́ ọn, ó ní kí òun bá a nù ún. Ẹlòmíràn gba àárín wọn kọjá. Kí Rùkáyátù tó gba ṣéńjì rẹ̀ kó tó yíjú padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ àárín èrò. Okùn tí wọ́n fi abẹ gé ń fì lọ́rùn ìyá. Àpò ti lọ.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Rùkáyátù jókòó sí.

Ìyá ń fi ewé nu ẹ̀kọ kúrò lára ìró rẹ̀. "Dìde. Aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

"Màmá, páásípọ́ọ̀tù ti lọ."

"Kòkó ló lọ."

"Kòkó bíi ti báwo?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan, èyí tó hu tí mo ṣà dànù. Mo fi sínú àpò kó lè wúwo díẹ̀. Bí olè bá mọ̀ ọ́n lọ̀, kó fi mu tíì."

Ìyá fa ọwọ́ Rùkáyátù, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ara rẹ̀, lórí ìró. Nǹkan pẹlẹbẹ kan le gbagidi lábẹ́ aṣọ.

"Tòbí ìyá mi nìyẹn, tó ní àpò lábẹ́ ìró. Òun ló fi ń gbé owó kòkó láti Odòde bọ̀ wá sí Aládé nígbà ayé rẹ̀. Èmi náà ti fi gba owó kòkó fún ogójì ọdún, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí mo ní lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí n kò ní. Nígbà tí o lọ lánàá, mo bi ara mi léèrè: owó lásán ni mo ń so mọ́ ìdí, ìwé tó gbé orúkọ Ìdànrè ni mo wá ń gbé kọ́rùn?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú rẹ ni. O ì bá ti máa wo ìdí mi láti Aládé títí dé ibí. Ibi tí ojú oníǹkan bá ń lọ ni ojú olè ń tẹ̀ lé."

Rùkáyátù nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. "Ìlérí tí ẹ ṣe fún àwọn ìyá ńkọ́?"

"Mo mú un ṣẹ. Èmi kọ́ ni mo bọ́ ọ. Wọ́n bá mi bọ́ ọ ni."

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Báàgì Rùkáyátù ní síìpù mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra ni ó ti bẹ ìyá pé kó rán tòbí fún òun bí àwọn bá padà délé. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ọlọ́pàá gáréèjì létí, nítorí pé arìnrìn-àjò mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè, ìyá kọ́kọ́ wọ ilé ìyàgbẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú páásípọ́ọ̀tù jáde níbẹ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò tú ìdí aṣọ lójú èrò. Òṣìṣẹ́ náà ṣí ìwé, ó kà á.

"Màmá, Ìdànrè lẹ ti wá. Irú ìlú wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá na ọrùn. "Ibi tí òkè ti ń ṣọ́ èèyàn," ló wí, "tí èèyàn náà sì ń ṣọ́ ara rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwọn tí ń mọ odi Jerúsálẹ́mù nígbà Nehemáyà gbàdúrà, wọ́n sì tún yan ẹ̀ṣọ́. Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ fi páásípọ́ọ̀tù, káàdì báǹkì àti owó ńlá sábẹ́ aṣọ, kí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ nìkan wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Ẹ má kó owó jọ sójú kan. Báàgì tó wà níwájú yín ni tiyín. Èyí tó wà lẹ́yìn, ti gbogbo ayé ni. Ẹni tó bá ní nǹkan dà sí yín láṣọ, ẹ kí i, ẹ di ẹrù yín mú, ẹ kúrò láàárín èrò kí ẹ tó wo ẹ̀yìn. Ẹ ya ẹ̀dà ìwé yín, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ará ilé. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́n jí i, ẹ má jókòó ti ìtìjú: ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì mú un pẹ̀lú ẹ̀dà yẹn lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe páásípọ́ọ̀tù, tàbí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà bí ẹ bá wà lókè òkun.

Ẹni tó bá ń gbé orúkọ ìlú rẹ̀ ròkèèrè, kó gbé e bí ìyá ṣe ń gbé owó kòkó: lábẹ́ aṣọ, lábẹ́ àdúrà, kó má sì ṣe sùn lé e.