Ọ̀já Òfì Ìyá Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yìn ìyá bàbá rẹ̀ ni àkọ́bí Suwaibat kú sí. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ tí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ọsàn, tí kò sì fẹ́ mu ọmú mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà tú ọ̀já, ọmọ ò mí mọ́. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mansur, bàbá ọmọ, wà nínú tírélà rẹ̀ lórí ìlà àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ wọ èbúté Tinkán. Ìlà ò sún, kò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀, kò bá wọn débẹ̀.

Ìyá Ìsẹ́yìn ni gbogbo ilé náà ní Ajégúnlẹ̀ ń pe ìyá Mansur, torí Ìsẹ́yìn ló ti ń wá tọ́jú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀já òfì tó fi ń pọnmọ, ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún. Òun náà ló fi pọn Mansur àtàwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí Suwaibat bí Abdulrasheed, ìyá àgbà tún fi ọ̀já náà sínú àpótí, ó tún wá. Kò pẹ́ sígbà náà, ojú Abdulrasheed pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Nusirat ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwọn. Ó ní òun ti ń ṣọ́ ọ: ọmọ tó bá ti gun ẹ̀yìn màmá yẹn kì í ké mọ́. Ó ní màmá náà máa ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ bó bá ń gbàjá, àti pé ẹyẹ kan máa ń bà sórí páànù nírọ̀lẹ́, tí kì í lọ títí tí yóò fi sọ ọmọ kalẹ̀. Suwaibat ní ẹyẹ lásán ni, irú èyí tó máa ń jẹ̀ létí omi kánààlì. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ gbójú sókè. Ẹyẹ náà wà níbẹ̀, ó fa ọrùn wọnú, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá àgbà.

Ó pe Mansur lórí fóònù, ó sọ ohun tí Nusirat wí fún un. Mansur ní kò tíì sí ẹni tó sún lórí ìlà, ó ti rẹ òun. Bí ọkàn Suwaibat ò bá balẹ̀, kí Màámi máa lọ sílé.

Suwaibat ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kàn ń dá ọmọ pọ̀n ni. Ó ń pọ̀n ọ́n dáná, ó ń pọ̀n ọ́n fọṣọ, egbò ìbímọ ò tíì san, kò sì rí oorun sùn. Lọ́sàn-án kan, oorun gbé e lọ lórí ẹní. Ìgbà tó jí, ọmọ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi ọ̀já òfì pọ̀n ọ́n, tó ń rẹ̀ ẹ́ kó sùn.

“Ẹ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀, Màámi.”

“Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Padà lọ sùn.”

“Ẹ sọ ọmọ mi kalẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ jẹ ti tó.”

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀. Ó tú ọ̀já. Ọmọ rọ wá sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí aṣọ tútù. Suwaibat fi ọ̀já náà wé e, ó sáré bọ́ sí títì. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìyá àgbà jókòó tì í.

Nọ́ọ̀sì Preye, tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, ló gba ọmọ. Bó ṣe tú ọ̀já, ó gbé e símú.

“Mama, na camphor dey this cloth?”

Ìyá Ìsẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀ ni. Látìgbà tí ọkọ òun ti kú lòun ti ń kó káńfọ̀ sáàárín rẹ̀, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Preye wá bá wọn sọ Yorùbá, ó rọra ń sọ ọ́. “Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn kì í gba káńfọ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá ti ń wọ̀ wọ́n lára, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa bàjẹ́, ojú wọn á sì pọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀.”

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí Abdulrasheed lára, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń wo ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n. Níta, Suwaibat kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

“Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?” ni ìyá àgbà bi í.

Suwaibat di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“Ká ní àjẹ́ ni mí,” ni ìyá àgbà wí, “ǹ bá mọ ohun tí mò ń ṣe.”

Mansur dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ojú ọmọ mọ́, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Nusirat ń fi eékún méjèèjì kí ìyá àgbà, ìyá àgbà sì ń dá a lóhùn. Ó ń dáná, ó ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Bí ọmọ bá ké, á jáde síwájú ilé. Nígbà tó yá, ó ní òun ń lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó ti gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Suwaibat gbé ọmọ tọ̀ ọ́ wá, ìró àǹkárá kan ní apá rẹ̀.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀, Màámi.”

“Ó ti rẹ̀ mí, Suwaibat.”

“Ó rẹ èmi náà. Mo fẹ́ sùn.”

Ìyá àgbà wo ìta. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Suwaibat tẹ́ ọmọ sí i lẹ́yìn, ó bá a fún ìró náà le dáadáa, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀. Oorun gbé e lọ kí ó tó na ẹsẹ̀ tán.